"A Dúpẹ́" Tí Bàbá Arúgbó Dá Mi Lóhùn

Ọjọ́rú, Inísà, 1992

Bọ́ọ̀sì kan gbókìtì lọ́nà Òkukù lónìí, èmi nọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Obìnrin kan tí apá rẹ̀ kán ń ké gbàjarè. Bí mo ṣe ń sáré lọ bá a, mo kí bàbá arúgbó kan nínú àwọn èrò ọkọ̀ náà, tó jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà: "Ẹ pẹ̀lẹ́ bàbá, ṣé kò sí o?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi."

Mo bá kọjá.

Àgbà wo ni wọ́n kí tí kò ní dúpẹ́? Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọọṣẹ́ pé ẹni tó dákẹ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò! Nígbà tí mo padà fọwọ́ kan ikùn bàbá náà, ó le bíi pákó, ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú rẹ̀. Wọ́n ti kú.

Mo mà gbé o.

Mo wọlé, ọkọ mi ní, "Ṣé dáadáa lo dé?"

Mo ní, "A dúpẹ́."