Iyanrìn Tí Ẹ Sá Sóòrùn

Màámi, a kú ará fẹ́ra kù o. Ara mi le, òtútù ibí ò mú mi mọ́. Ọ̀gá mi ṣèèyàn gan-an; iṣẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí n wálé sin Bàbá.

Iyanrìn ojú oórì wọn tí mo ní kí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Waliyat àbúrò mi ní ẹ sá a pọ̀ mọ́ èlùbọ́, kó má baà bu lọ́nà. Màámi! Ta ní ń sá iyanrìn? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Létí odò tí a ti ń wa ilẹ̀ wá ohun ayé àtijọ́ yìí, iyanrìn ló bo òkúta táwọn ará àtijọ́ fi ń gé ẹran. Látìgbà tí iyanrìn náà ti kúrò lójú oòrùn ló ti ń ka ọjọ́, ẹ̀rọ wa sì ń bá wa kà á. Bí oòrùn bá tún kàn án, gbogbo ọjọ́ náà á parẹ́; á di ọmọ tuntun.

Tiyín ti di ọmọ tuntun. Kò rántí oórì mọ́. Oòrùn Mápó tí ẹ sá a sí nìkan ló mọ̀.

Ẹ bá mi kí Waliyat. Mo ti fi aṣọ dúdú wé iyanrìn náà, kí oòrùn ibí má baà pa ìrántí oòrùn tiyín rẹ́.

Ọmọ yín,
Kúbúrá