Ẹ̀gbà Ọwọ́ Màmá Tí Guangyu Lọ Dán

Delu, àbúrò mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó rẹ, mo sì kí Ruolin ọmọbìnrin yín. Ṣé òtútù Kánádà ò tíì pa yín? Orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, ẹran gbówó lórí ní Suzhou níbí, ṣùgbọ́n à ń jẹun. Ara Màmá le. Inú rẹ̀ ni ò dùn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Guangyu ló fà á. Ọ̀gá àṣà ti dé! Ó ti sọ pálọ̀ di ilé àṣà òkúta iyebíye jéèdì, ó ń fi makirofóònù kọ́ àwọn àlejò bí a ṣe ń mọyì ogún ìdílé. Ó ní ẹ̀gbà ọwọ́ jéèdì Màmá ò dán tó. Ó parọ́ pé fọ́tò lòun fẹ́ yà á, ó fi ọṣẹ bọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ dán òkúta.

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó Màmá ló ti ń wọ̀ ọ́, tó ń fi òógùn àti ọ̀rá ara rẹ̀ tọ́ jéèdì yẹn, títí ó fi rọ̀ lójú bí ọ̀rá ẹran. Guangyu olùkọ́ àgbà ní kí wọ́n ha gbogbo rẹ̀ dànù! Ó wá ń dán bí ìgò ọtí.

Màmá yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, "Guangyu, ta ló ni èyí?"

Òpònú náà rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni.

Tó bá ní kí o fi òrùka Bàbá tó wà lọ́wọ́ rẹ ránṣẹ́, sọ pé o ti tà á. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Màmá ní kí n kọ ọ́ bí òun ṣe sọ ọ́: "Ọjọ́ tó kù fún mi ò tó láti tún un tọ́. Ẹ mú ọwọ́ Ruolin wá."

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Yunzhen