Wọ́n Ní Kí Ọmọ Náà Má Kúnlẹ̀ Mọ́

Ẹ kú ilé o, Màmá. Ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí, mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ràfíù àti ìyàwó rẹ̀. Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀ ní Ṣakí? Òtútù ibí kò tíì lọ. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú àbọ̀.

Níjọ́sí, ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló ṣe ohùn mi. Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe àárẹ̀, Màmá, ọ̀rọ̀ ọmọ kan ló ń dùn mí. Mo kọ ọ́ síta báyìí kí àwọn ìyá mìíràn lè bá yín kà á, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi, èyí tí ẹ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ohun tí àwọn ìyá ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi. Àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kì í tètè yọ lẹ́nu wọn la ń kọ́ ní ìwà. Èyí tó dáa, a ó yìn ín. Èyí tí a kò fẹ́, a ó ṣe bí ẹni tí kò rí i títí ọmọ yóò fi jáwọ́. Iṣẹ́ gidi ni, mo ti rí ọmọ tó ti ipa rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ omi.

Wọ́n gbé mi lọ sí yàrá mìíràn. Bí mo ṣe wọlé, ọmọbìnrin kan, ọmọ Yorùbá, sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ níwájú mi. Inú mi dùn. Kí n tó dá a lóhùn, olùkọ́ tó jókòó tì í gbójú kúrò, ó sì ṣẹ́wọ́ sí mi pé kí èmi náà gbójú kúrò. Wọ́n ní ó máa ń ṣubú lulẹ̀ tí àgbà bá wọlé, àwọn fẹ́ kó jáwọ́ níbẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá wa, òyìnbó ni, èèyàn jẹ́jẹ́ sì ni. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà káwọn tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn sì gbà. Mo pe ìyá ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní bí ọ̀gá ṣe ń ṣàlàyé, òun kàn ń dáhùn pé àwọn olùkọ́ ló mọ iṣẹ́ wọn ni. Ó ní ṣé òun á wá máa bá ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ jiyàn? Àwa náà kọ́ nìyẹn, Màmá? Ọ̀wọ̀ ló fi wọ̀ wọ́n, wọ́n ṣe bí ó fọwọ́ sí i ni.

Ó wá ń sunkún. Ó ní ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ rí, pé ìyá òun ní Ogbooro ló fi odidi ọdún kan kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀. Ẹ káàárọ̀ tirẹ̀ nìyẹn, kò ní òmíràn.

Ojú ti ọ̀gá wa nígbà tó gbọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ló ní kí gbogbo wa máa dá ọmọ náà lóhùn, ó sì ní ká máa bi ẹbí ní ohun tí ìwà kan jẹ́ nílé wọn ká tó fọwọ́ kàn án. Mo rò pé ó ti tán.

Kò tán. Ìyá ọmọ náà ní ìyá òun pè láti Ogbooro lórí fídíò, ọmọ dúró ṣanṣan níwájú fóònù. Ìyá àgbà dúró títí, ó wá ń béèrè bóyá ara ọmọ òun ò yá ni.

Lánàá, mo wọlé, mo kí i. Ó dìde, mo rí i tí orúnkún rẹ̀ fẹ́ tẹ̀. Ó kọ́kọ́ wò mí bóyá màá gbójú kúrò. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mi ò wo ibòmíràn. Ó padà lọ jókòó.

Ẹ bá mi fi í sádùúà lẹ́yìn ìrun, Màmá. Ọlọ́hun á dá yín sí fún wa, oúnjẹ ọmọ á pẹ́ lẹ́nu yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Bí mo bá tún pè, tó jẹ́ orí mi nìkan lẹ rí nínú fóònù, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìkírá