Pákó Ẹnu Ọ̀nà Wa Ti Ń Bọ̀ Wá Sọ́dọ̀ Ọ̀gá Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣé àlàáfíà lo wà, ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Olúwa kò ní jẹ́ kó rẹ̀ ọ́ láàárín ọ̀nà. Bí o bá béèrè wa, a wà láàyè, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ti di ara ẹbí. Ewúrẹ́ wa bí méjì, ọ̀kan jọ télọ̀ ìtòsí wa lójú, a ò sì tíì sọ fún un.

Télọ̀ yìí kan náà ló ka ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù fún wa, torí ojú mi ò ká lẹ́tà wínníwínní. O ní o ò ní lè wá sílé nígbà tí òjò bá dá bí o ṣe ṣèlérí, pé ọ̀gá rẹ níbi tí ẹ ti ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè gbé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan lé ọ lọ́wọ́, tírẹ́ṣóòdù, pé kí o wá gbogbo ìtumọ̀ rẹ̀, kí o wá ibi tó ti ṣẹ̀ wá, kí o sì wá ohun tí àwọn ará Jámánì ń pè é, àti pé kò tíì parí. Ìyá rẹ bi mí pé ọ̀rọ̀ mélòó ni, mo ní ọ̀kan, ó ní ṣé òun lè bá ọ sọ díẹ̀ kún un kó lè tètè tán. Ẹni tó ń sọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, báwo ni yóò ṣe yé e pé ọ̀kan ṣoṣo lè dá ọmọ òun dúró. Lọ́jọ́ yẹn kò jẹun.

Àfi ìgbà tí télọ̀ ṣàlàyé pé pákó tó dábùú ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà, èyí tí à ń gbẹ́sẹ̀ ré kọjá, ni ọ̀rọ̀ náà, ni ọkàn èmi káfíńtà balẹ̀. O ní ìdajì àkọ́kọ́ rẹ̀ wá láti inú ìtẹ̀mọ́lẹ̀, bí ẹni ń fẹsẹ̀ pa ọkà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ò mọ ibi tí ìdajì kejì ti wá. Ìyẹn ni pé a mọ ìyá ọmọ, a ò mọ bàbá. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa rí, ọmọ náà sì ti di awakọ̀, nítorí náà ẹ má torí ẹ̀ pẹ́ jù. O ní àwọn ará Jámánì ń pè é ní ṣufẹ́lẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń pe igi tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin rélùwéè. Mo gbóríyìn fún wọn. Ẹni tó la igi kan ṣoṣo, tó fi díẹ̀ ṣe ẹnu ọ̀nà, tó fi ìyókù ṣe rélùwéè, kì í ṣòfò.

Níbi iṣẹ́ tiwa, bí oníbàárà ò bá mọ ohun tó ń fẹ́, àpẹẹrẹ là ń gbé lọ bá a. Ọ̀gá rẹ ń gbé ilé alájà gíga, bóyá wọn ò rí pákó ẹnu ọ̀nà rí, báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti parí? Mo bá yọ tiwa, òun ni mo fi ránṣẹ́ sí ọ yìí. Mo lè gé tuntun, ṣùgbọ́n pákó tuntun ò tíì ní ìtumọ̀. Wo àárín tiwa bí ẹsẹ̀ ṣe jẹ ẹ́, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ nìyẹn. O tún ní ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́ ibi tí ara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìrora. Wo apá òsì, àpá kékeré kan wà níbẹ̀, eyín iwájú rẹ ló ṣe é lọ́jọ́ tí o sáré jáde wá pàdé mi. Fi han ọ̀gá rẹ, sọ fún wọn pé ibẹ̀ gan-an ni ìrora ti bẹ̀rẹ̀.

Akọ̀wé tó ń gba ẹrù ní ibùdókọ̀ bi mí pé kí ni, mo ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó wò mí, ó kọ “igi” sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ṣé ó lè fọ́, mo ní gbogbo ilé wa ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ tí a ti kọ́lé. Síbẹ̀ ó lẹ ìwé pupa mọ́ ọn pé kí wọ́n rọra.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìṣó àti oògùn orúnkún ìyá rẹ. Má fi í sí báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn gbé káàdì mi mì, mo bẹ̀ ẹ́ títí, mo sọ fún un pé èmi ni bàbá rẹ, kò dáhùn.

Òjò ti ń wọlé báyìí, àwọn adìyẹ pàápàá kì í rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́ kí wọ́n tó wọlé. Ìyá rẹ ṣì ń gbẹ́sẹ̀ sókè bó bá dé ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rín ò wá. Ọmọ mi, àárò rẹ ń sọ wá. Télọ̀ ní mo lè gé òmíràn kí ọ̀sán tó pọ́n, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mi ò ní gé e. Bí ọ̀gá rẹ bá ti wò ó tán, má fi rán awakọ̀. Gbé e wá fúnra rẹ. Òòlù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ibi tí o bá gbẹ́sẹ̀ lé yóò tọ́ ọ. O ò ní fẹsẹ̀ kọ ní ìjáde, o ò ní fẹsẹ̀ kọ ní ìwọlé. Ti ìwọlé yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Káfíńtà.