Orúkọ Bàbá Lójú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀gbọ́n mi Abdulhakeem,

Àsàlámù àlékùm. Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àti àwọn ọmọ. Ṣé òtútù ọ̀hún ò mú yín jù? Owó oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ dé sí Agége níbí, ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá sì ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá lẹ́yìn yín, èmi ni wọ́n fi sípò wọn nídìí ìṣirò owó, nílé iṣẹ́ bísíkíìtì wa ní Ìlúpéjú. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, fáìlì ìṣirò kọ̀, kò ṣí. Kọ̀ǹpútà ní ẹlòmíì ń lò ó lọ́wọ́, ó sì kọ orúkọ ẹni náà síta: Làsísì, orúkọ Bàbá wa gan-an.

Tẹjú tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pa gbogbo ẹ̀rọ, ó tún wọn tàn. Ó yọ wáyà èyí tí Bàbá ń lò tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ wọn ò kúrò, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò sì ṣeé san.

Mo bá pe Màmá. Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan, wọ́n dúró ti àga Bàbá, wọ́n ní, "Bàbá Hakeem, iṣẹ́ ti tó. Ẹ lọ sinmi."

Fáìlì ṣí lójú wa, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Tẹjú sá jáde. Ohùn Bàbá sì dún láti orí àga tó ṣófo: "Hakeem ńkọ́?"

Màmá dáhùn, "Ó ń bọ̀."

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ yín, kó kó yín dé láyọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Màmá di onírọ́ lójú òkú.

Àbúrò yín,
Uswat