Ife Tíì Tí Mo Bù Kún fún Ọ Nínú Fóònù

Burulay ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Bíṣkẹ́kì? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lórí yìnyín ìlú ńlá o. Màlúù pupa ti bímọ, abo ni. Òrùlé ilé ẹran ṣì ń jò, àmọ́ ara wa le, a dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Kubat àbúrò rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, inú sì ń bí mi sí ọ. Ó pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí, kò tíì sọ̀rọ̀ rí, ìwọ náà mọ̀ pé tí nǹkan bá ti ni ín lára, orí ló máa ń fi gbá ògiri. Láti kékeré rẹ̀ ni mo ti ń ki àtẹ́lẹwọ́ bọ àárín orí rẹ̀ àti ògiri. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti wú, kò lè di abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán ẹní onírun àgùntàn mú mọ́. Ìwọ wá fi fóònù ránṣẹ́, o wọ inú ẹ̀, o kọrin ọmọ ewúrẹ́, Kubat sì fara balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó tún ń rẹ́rìn-ín sí ọ! Èmi tí mo bí i, kò rẹ́rìn-ín sí mi bẹ́ẹ̀ rí.

Mo kọ́kọ́ yọ̀. Àmọ́ o ò lọ mọ́. Lójoojúmọ́ lo wà níbẹ̀, aṣọ kan náà, orin kan náà, mo bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, orin lo tún mú bọnu. Batma aládùúgbò wa ní èmi ń tọ́jú ọmọ, ìwọ ń gba ẹ̀rín ẹ̀, ó ní tó bá ṣe òun ni, òun á jowú. Mo ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́, ta ní í jowú ọmọ tó bí? Kí n má purọ́ fún ọ, owú ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bí mo ṣe délé, mo bu tíì kún ife dé ẹnu, mo gbé e síwájú rẹ. O mọ ohun tí ife kíkún ń sọ fún àlejò nílé wa: mu ún, kí o máa lọ. Ojú ò tilẹ̀ tì ọ́, orin lò ń kọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, iná lọ, ìwọ náà ṣókùnkùn. Kubat ń gbọn fóònù títí, kò rí ọ, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá ògiri. Kí n tó sáré dé láti ilé ẹran, iwájú orí rẹ̀ ti bó, ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn. Ọwọ́ òsì ni mo tẹ́ sógiri, torí ọ̀tún ń ro mí. Ó dúró, ó wò ó, ó tì í dànù. Ó wá ọwọ́ ọ̀tún mi kàn, èyí tó wú yẹn, ó gbé e síbi tó máa ń wà, ó sì rọra fi orí lé e. Kò gbá a mọ́. A wà bẹ́ẹ̀ títí omi fi gbẹ nínú kẹ́tùlù orí ààrò.

Nígbà tí iná dé, tí o tún bẹ̀rẹ̀ orin rẹ, ààbọ̀ ife ni mo bù fún ọ. Jókòó, ọmọ mi, má lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìpara ọwọ́ àti irun àgùntàn tí n ó tẹ́ mọ́ ògiri nítorí orí Kubat. Kí o sì bá mi bi àwọn tó ń ta fóònù pé èló ni wọ́n máa gbà láti fi èmi náà sínú ẹ̀. Mi ò mọ orin kọ. Ọwọ́ mi nìkan ni kí wọ́n fi síbẹ̀, ọ̀tún ni o.

Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ, á mú ọ wálé láyọ̀, ife tíì rẹ ò sì ní kún nílé yìí mọ́ láé.

Èmi ni Sakin, ìyá rẹ, ìyá Kubat.