Gèlè Kì Í Wọn Ẹ̀jẹ̀ Ríru

Mirlande, àbúrò mi,

Ara mi dá ṣáká. Ọjọ́ mọ́kànlá rèé tí mi ò ti lọ sóko tòmátì. Bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ibí ń gbé ara rẹ̀ sókè, oúnjẹ sì ń bá mi lórí rẹ̀.

Oyún oṣù mẹ́ta tìrẹ ló jẹ mí lógún. Bí orí bá ń fọ́ ọ, Màámá á ní kí o fi epo lárà pa á, kí o sì fi gèlè dì í. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó jẹ́ 162 lórí 104, ó ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní, "Àǹtí, gèlè yìí dára fún ṣọ́ọ̀ṣì o, àmọ́ kì í wọn ẹ̀jẹ̀ ríru!"

Má dúró de ẹ̀fọ́rí. Lọ sílé ìwòsàn ní ìlú Jérémie lọ́sẹ̀ yìí, sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, kí o sì bèèrè bóyá asipirín kékeré ojoojúmọ́ yẹ ọ́. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta oyún ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá rí ránṣẹ́ sí mi. Owó ọkọ̀ wà nínú lẹ́tà. Má fi ra ìrẹsì.

Bá mi kí Màámá. Bí wọ́n bá bèèrè mi, sọ pé mo ń sinmi. Ọmọ inú mi náà kí ọ: ó ti tàpá lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀ yìí. Mo kà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Guerline